Ọjọ́ Tí Màmá Lois Kọ Sínú Káàdì

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Màmá Lois Ṣàngówùmí bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí ọmọ náà ṣe ń mí. Kì í ṣe ẹni tó máa ń fojú díwọ̀n nǹkan. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣe tíṣà, ó fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ ṣe ọ̀gá àgbà ilé ìwé, gbogbo Láfẹ́nwá ló sì ń pè é ní Ọ̀gá Àgbà títí dòní, bó tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ó ka mímí náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó ní bóyá òun ṣì í kà, ó tún un kà, ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Nísàlẹ̀ egungun àyà ọmọ náà, ẹran ara ń wọnú, ó ń jáde, ihò imú rẹ̀ sì ń fẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá fa èémí.

Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá ni Moyinolúwa. Péjú, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Lois bí, ni ìyá rẹ̀. Péjú ń ṣiṣẹ́ ní báńkì n'Íbàdàn, ọkọ rẹ̀ Jídé ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Pọtakọ́ọ̀tù, ni wọ́n bá gbé ọmọ fún ìyá àgbà nígbà tó pé oṣù mẹ́fà. Wọn ò jẹ̀bi. Ta ni wọn ì bá tún gbé e fún, bí kò ṣe obìnrin tó ṣì lè sọ fún ọ, láìwo ìwé, ẹni tó pẹ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn?

Kò pọ̀n ọ́n, kí ọ̀já má baà fún un láyà. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó mú àpò rẹ̀, ó sì ṣí dúrọ́ọ̀ láti mú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ náà, tó fi ọ̀rá wé kí omi má kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí káàdì náà. Ó rò ó pé kí òun fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí òun kàn sọ fún wọn pé ó ti sọnù. Ṣùgbọ́n káàdì wo ló máa sọnù lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà tí wọ́n á gbà á gbọ́? Ó sọ ọ́ sínú àpò, ó pe Péjú lórí fóònù, ó ní kó máa bọ̀, ó sì dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, dókítà tó gbà wọ́n ń jẹ́ Títílọlá Fátọ́lá. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ọmọ.

"Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń wúkọ́. Àná ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná."

Dókítà gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà, tí wọ́n fi ń gbọ́ bí àyà ṣe ń mí, sí ọmọ náà lẹ́yìn, ó gbọ́ ọ pẹ́. Ó gba káàdì. Bó ṣe ṣí i ni ojú rẹ̀ tú ká.

"Ẹ wo káàdì bó ṣe mọ́. Tàwọn ẹlòmíì tí a máa ń rí níbí, epo pupa ni, omi ọbẹ̀ ni." Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. "Abẹ́rẹ́ òtútù àyà mẹ́ta, ó pé. Ti èéyi náà, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje. Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ì bá ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyá àgbà ń ṣe."

Oríyìn náà gún Màmá Lois bí ẹ̀gún. Ó ní, "A dúpẹ́."

Dókítà ká aṣọ ọmọ náà sókè. Ọrùn rẹ̀ àti ikùn rẹ̀ dúdú ní tótòòtó, awọ ibẹ̀ sì ti bó.

"Kí ló ṣe é lára?"

"Ooru ni. Ooru oṣù tó kọjá. Ẹ mọ bí Láfẹ́nwá ṣe máa ń rí."

"Kì í ṣe èéyi ló ṣe é?"

"Ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀."

Ẹ gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan, ó lọ dáhùn òmíràn. Ká ní ọmọ ilé ìwé ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un, á ní kó dìde dúró sórí àga rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Fátọ́lá kò fura. Obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ wọ gíláàsì, ó di gèlè funfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún régé, káàdì sì wà nílẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ara ọmọ náà ti mọ òtútù àyà tẹ́lẹ̀, ó ti kọ́ bó ṣe lè lé e. Àwọn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí àwọn máa ń kọ́kọ́ fún ọmọ, àwọn á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ibà ni, àwọn á sì máa wò ó. Wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Màmá Lois jókòó tì í. Kò wo ojú dókítà mọ́.

Nítorí ó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kò sí ìdí tí a ó fi máa pọ́n ọn lé. Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ̀. Ní oṣù kọkànlá, tí ojú ọmọ náà pọ́n, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, tí nǹkan wá ń sú jáde lẹ́yìn etí rẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, Màmá Lois mọ èéyi lójú ẹsẹ̀. Tíṣà wo ló lo ọdún mẹ́rìndínlógójì láàárín ọmọdé tí kò mọ èéyi? Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé ooru ni. Àmọ́ ó ránṣẹ́ sí Wásinmi fún ẹmu ọ̀pẹ, àràárọ̀ ló sì ń fi wẹ ọmọ náà bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ta ló ń fi ẹmu wẹ ọmọ nítorí ooru?

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ara ọmọ náà silé. Ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń di àga mú rìn. Màmá Lois lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣọpẹ́, kò sọ fún àlùfáà ohun tó ń torí rẹ̀ ṣọpẹ́. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ló fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, pé ọmọ tí èéyi bá ti ṣe tí kò pa, ó ti bọ́ nìyẹn, ara rẹ̀ ti le. Ó ní Ọlọ́run ti bo òun láṣìírí.

Àṣírí wo? Àṣírí káàdì ni.

Ní oṣù keje, nígbà tí Moyin pé oṣù mẹ́sàn-án, Màmá Lois gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi ní ibi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ládùúgbò. Òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì láti aago mẹ́jọ títí di aago kan. Ọmọ mẹ́rin péré ló wá fún èéyi lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì sì ní òun ò lè ṣí ìgò. Ọmọ mẹ́wàá ni ìgò kan wà fún, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, láàárín wákàtí mẹ́fà wọ́n ti gbọ́dọ̀ da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. "Màmá, ẹ gbé e padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, lójú gbogbo ènìyàn, láìtilẹ̀ gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ náà ká Màmá Lois lára. Òun tí kò lé ọmọ kan ṣoṣo padà sílé rí nítorí pé ọmọ náà nìkan ló wá. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹ̀kẹta, Péjú tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé, "Màámi, ṣé Moyin ti gba ti èéyi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya káàdì rẹ̀ ránṣẹ́." Màmá Lois wo káàdì. Ibi tó yẹ kí ti èéyi wà ṣófo. Gbogbo rẹ̀ ló kún àfi ibẹ̀, bí àyè ọmọ tó sá kúrò ní kíláàsì. Ó mú bírò. Ó kọ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje síbẹ̀, ó fa ìlà kan tó jọ ìbuwọ́lù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá, ọjọ́ yẹn lòun gbé ọmọ lọ lóòótọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ lòun máa gbé e padà lọ gbà á. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Péjú fèsì pé, "Ẹ ṣeun, Màámi." Ọjọ́bọ̀ náà dé, ó kọjá. Ta ló máa gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ tí káàdì ti ní ó gbà?

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ padà wá sí wọ́ọ̀dù.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wọlé sí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé ti Moyin. Òun náà ń mí gúle-gúle. Ìyá rẹ̀, Ummulkulthum, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ta ṣìnkáfà ní Papalanto, kò dúró kí dókítà bi í léèrè.

"Dókítà, èéyi ṣe é. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti lọ. Kò gba abẹ́rẹ́ kankan, mi ò mú un lọ. Ẹ bínú sí mi tó bá yá, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀."

Dókítà kò bínú rárá. Lójú ẹsẹ̀ ló yí ohùn padà. Ó ní kí wọ́n gbé ọ́síjìn wá, kí wọ́n fún un ní fítámì Éè, oògùn tí wọ́n máa ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fúnni kò tó fún èyí, èyí tó lágbára jù ni kí wọ́n mú. Ó ní kí wọ́n palẹ̀ yàrá kékeré mọ́, kí ọmọ náà má baà kó àìsàn àwọn tó kù. Gbogbo rẹ̀ kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màmá Lois ń wo aago rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n èéyi ti lọ, Dókítà," ni Ummulkulthum wí. "Ara rẹ̀ ti yá. Ó ti ń ṣeré. Kí ló tún fà á?"

Dókítà ń tún rọ́bà imú ọmọ náà ṣe bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ó lọ lóòótọ́. Ohun tó bà jẹ́ kó tó lọ là ń bá fà á. Gbogbo àìsàn tí ọmọ bá ti bá jà rí, àti gbogbo abẹ́rẹ́ tó ti gbà, àwọn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa rántí. Ẹ ṣáà sọ pé wọ́n di rẹ́jísítà mú. Olè báyìí ti wá rí, bí ojú rẹ̀ ṣe rí nìyí, bí a ṣe lé e nìyí. Tó bá tún yọjú, wọ́n á ti dá a mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kòkòrò àìrí tó ń fa èéyi yìí, inú àwọn tó di rẹ́jísítà mú gan-an ló ń wọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bí sí i. Kí ara tó rí èéyi lé lọ, púpọ̀ nínú wọn á ti bá a lọ."

"Rẹ́jísítà náà wá ńkọ́?"

"Ó ti ya. Èéyi nìkan ni wọ́n á máa rántí. Àwọn olè tó kù á gba iwájú wọn kọjá, wọn ò ní dá wọn mọ̀. Ọmọ tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ òtútù àyà pàápàá lè dà bí ẹni tí kò gba ìkankan. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ọdún méjì kó tó bọ̀ sípò."

Ummulkulthum mi orí. "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì náà ló ń gbé."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ agbára ara nìkan ni wọ́n sọ, Màmá Lois lè jiyàn. Rẹ́jísítà ni wọ́n dárúkọ, ó sì mọ ohun tí kíláàsì ń dà lọ́jọ́ tí rẹ́jísítà bá sọnù, tí tíṣà tuntun kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó wo Moyin. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí dókítà tìtorí rẹ̀ yìn ín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má sí lára ọmọ náà mọ́. Orí ìwé nìkan ni wọ́n kù sí. Dókítà náà sì ń fi ọkàn tán ìwé.

Fóònù rẹ̀ dún. Péjú ni. "Màámi, mo ti kọjá Ọ̀dẹ̀dá. Báwo ló ṣe rí?"

"Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Máa bọ̀ jẹ́jẹ́."

Láti Ọ̀dẹ̀dá dé ibẹ̀, ìdajì wákàtí ni. Màmá Lois dìde. Ó ní òun á pe dókítà sí kọ̀rọ̀, òun á sọ ọ́ kíákíá, wọ́n á yí oògùn padà, nígbà tí Péjú bá fi máa dé, ohun gbogbo á ti tán, kò ní sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti tún sọ ọ́. Ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà ti wọ yàrá kan lọ, ilẹ̀kùn tì. Nọ́ọ̀sì kan jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ̀wé.

"Mà, ṣé kò sí?"

Ohun tó yẹ kó sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Èéyi ṣe é. Kó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì yìí, nọ́ọ̀sì á sáré lọ kan ilẹ̀kùn. Ó ya ẹnu. Ó rí ojú ọmọbìnrin náà tó ń wò ó tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe máa ń wò ó.

"Mo ní kí n béèrè ibi tí omi wà ni," ni ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ó bínú sí ara rẹ̀ bó ṣe ń padà lọ. Ó ní àgbà ni òun yìí, òun wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́, òun sì ń wò ó.

Nígbà tó dé bẹ́ẹ̀dì, ètè Moyin ti ń dúdú.

Ó pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì sáré wá, ó fi ohun kékeré kan tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há ọmọ náà ní ìka. Iná pupa kọ mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún síbẹ̀, ó di márùndínláàádọ́rùn-ún, ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Nọ́ọ̀sì kígbe pe dókítà. Wọ́n gbé ọ́síjìn wá, dókítà gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé e láyà ọ̀tún, ó gbé e lé e lósì, ó sì na ara rẹ̀ ró pẹ̀lú ojú tó dàrú.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti jáde, kì í ṣe ibà. Abẹ́rẹ́ yìí kò ràn án. Ọmọ tó ti gba gbogbo àjẹsára rẹ̀ kò yẹ kó bàjẹ́ kíákíá báyìí." Ó yíjú sí Màmá Lois. "Mà, ẹ rántí dáadáa. Ṣé kò gbé nǹkan mì? Ẹ̀pà ńkọ́? Hóró àgbàdo ńkọ́? Ó dà bíi pé nǹkan ti há sí i lọ́nà ọ̀fun."

Kí Màmá Lois tó fèsì, Péjú ti wọlé. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, káàdì ìdánimọ̀ báńkì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbi orí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀?" ni dókítà bi í. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ kíákíá. Mo rò pé nǹkan ló há a lọ́fun. A ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó níbí. A máa gbé e lọ Èkó báyìí, mo ti ní kí wọ́n pe ọkọ̀."

Èkó. Wákàtí méjì, bí ọ̀nà bá dára. Màmá Lois wo àyà tó ń wọnú tó ń jáde yẹn. Ó mọ̀ pé ọmọ náà kò ní dé Sàǹgó. Wọ́n á gbé e lọ wá ẹ̀pà tí kò sí níbẹ̀, yóò sì kú sójú ọ̀nà nítorí ìlà kan tí òun fi bírò fà.

Ó ṣì ń rò ó pé bí Péjú bá lè jáde fún ìṣẹ́jú kan. "Péjú, lọ bá mi ra omi wá."

"Màámi, omi wo?" Péjú kò gbójú kúrò lára ọmọ.

Dókítà ń bọ̀ láti gbé ọmọ náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá Lois fọwọ́ di irin bẹ́ẹ̀dì náà mú.

"Ẹ má gbé e. Kì í ṣe ẹ̀pà."

Gbogbo wọn wò ó.

"Èéyi ló ṣe é. Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kì í ṣe ooru. Irọ́ ni mo pa fún yín láàárọ̀."

"Ṣùgbọ́n Mà, káàdì rẹ̀…"

"Kò gba abẹ́rẹ́ èéyi. Wọn ò ṣí ìgò lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ, mi ò sì gbé e padà lọ mọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọjọ́ yẹn síbẹ̀."

Ummulkulthum, tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré, gbé ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹni rere ni.

Dókítà bi í ní ohun kan ṣoṣo. "Ṣé ó dá yín lójú pé èéyi ni?"

"Ẹmu ni mo fi wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Kò tún sí ẹni tó bi í léèrè. Dókítà ní kí wọ́n má pe ọkọ̀ mọ́. Oògùn tó lágbára yẹn dé, fítámì dé, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì Moyin wọ yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ Papalanto. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ náà. Wọn ì bá ti fún un láti aago mẹ́jọ. Wákàtí mẹ́ta ni Màmá Lois gbà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ojú má baà tì í. Ó ṣírò rẹ̀, ó tún un ṣírò, iye kan náà ló ń bọ́ sí.

Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aago méjìlá lù. Màmá Lois ń retí kó bú òun. Ó ti múra sílẹ̀ fún un, ó tilẹ̀ ń wù ú. Èébú ì bá tù ú lára ju bí Péjú ṣe jókòó, tó ń fi okùn káàdì báńkì yí ìka rẹ̀ po.

"Péjú, mo ṣẹ̀ ọ́," ni ó wí nígbà tí kò lè fara dà á mọ́. "Mo kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ìwọ kò mọ̀, o fi ọkàn tán mi."

"Mo mọ̀, Màámi."

Màmá Lois rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Láti oṣù kẹjọ ni mo ti mọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́." Ohùn Péjú lọ sílẹ̀, kò gbọ̀n. "Méje yín ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa fa ìlà gba àárín méje, kó má baà jọ oókan. Ẹ nà mí nítorí rẹ̀ ní praimáírì méjì. Nọ́ọ̀sì wo ló ń kọ méje bẹ́ẹ̀ ní Láfẹ́nwá? Méjì ló sì wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú ọjọ́, ọ̀kan nínú oṣù."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Kí n bi yín báwo? Kí n ní, Màámi, ṣé irọ́ lẹ pa? Ẹ̀yin?" Ó nu imú rẹ̀. "Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní bóyá ojú mi ló ṣì í rí. Mo wá kọ ‘Ẹ ṣeun, Màámi.’"

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Màmá Lois fi kọ́ ọmọ yìí pé a kì í wo àgbà lójú pe àgbà ní òpùrọ́, ọmọ náà sì gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó na ọwọ́ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ó pẹ́ kí Péjú tó gbé tirẹ̀ lé e.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Nọ́mbà tó wà lórí ẹ̀rọ náà ti di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Màmá Lois bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó kà á. Méjìléláàádọ́ta. Dókítà ní òun ò tíì lè sọ ohunkóhun, kí wọ́n máa gbàdúrà. Lọ́jọ́ kejì, ó di mẹ́rìnlélógójì, Moyin sì la ojú, ó wá ọmú ìyá rẹ̀ tó ti já a lẹ́nu láti ìgbà tó pé oṣù mẹ́fà, nígbà tí kò rí i, ó bú sẹ́kún. Ohùn ẹkún náà há, ṣùgbọ́n ó ròkè. Péjú náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Láti ìgbà náà ni dókítà ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Dókítà ti bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má gbé e lọ sáàárín èrò fún ìgbà pípẹ́, pé kí ikọ́ tó bá mú un báyìí má ṣe jẹ́ ikọ́ lásán lójú wọn. Ó ní ó ṣeé ṣe kó tún àwọn abẹ́rẹ́ kan gbà, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò, ti àtijọ́ kò sì ṣeé gbára lé mọ́. Ó fa ìlà pupa gba inú káàdì mímọ́ tónítóní yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé káàdì tuntun wá. Ó gbé e ka orí tábìlì pẹ̀lú bírò. "Ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ sókè, àti ọjọ́ tí èéyi ṣe é, kí n fi mú ìwé yòókù wá."

Ọwọ́ Màmá Lois ti kúrò nílẹ̀ kó tó mọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló gbé e. Ó dá a padà sórí itan rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo Péjú. Péjú kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ọmọ tó gbé dání.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Péjú wí, "ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá wa kọ ọ́."

Ó ya nọ́ọ̀sì lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó kọ Moyinolúwa. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni èéyi yọ sí i lára?"

"Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá," ni Màmá Lois dá a lóhùn, ó sì sọ ọ́ sókè, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè gbọ́.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Kò fa ìlà kankan gba àárín méje rẹ̀. Ó jọ oókan díẹ̀. Màmá Lois rí i, ó sì pa ẹnu mọ́.